MGB tí ọwọ́ atúnṣe kò kàn rí

MGB jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí wọ́n ń tò pọ̀ ní ìlú Abingdon, létí odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1962 títí di oṣù kẹwàá ọdún 1980. Iye tó jáde láàárín àkókò náà lé ní 500,000, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n sì kó gba orí òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Nítorí pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti rí MGB rà títí dòní. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dà tó bá wáyé, tí ìjókòó rẹ̀ ṣì wọ awọ tí wọ́n rán fún un nígbà tó jáde, tí wẹ́dà kankan kò sì tíì jó irin mọ́ abẹ́ rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti ṣá, ó lè ti ha lára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e síta fún títà, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń wá máa ń fi èyí tó ń dán sílẹ̀ lọ bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ojú ọjà tó là sí i.

Lẹ́tà M àti G dúró fún Morris Garages, ilé ìtajà àti ìtúnṣe ọkọ̀ tí William Morris ní sí ìlú Oxford. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni Morris fi bẹ̀rẹ̀ òwò kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1922, Cecil Kimber di alákòóso ilé ìtajà náà, Kimber yìí sì ni baba MG ní tòótọ́. Ọkọ̀ Morris lásán, irú èyí tí baálé ilé ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ni ó mú. Ó mú ìdúró rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ó gbé bọ́dì tó fúyẹ́ tó sì dára lójú lé e, ó sì tà á fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lù wọ́n lójú bí wọ́n ti ń lọ. Ní ọdún 1924 ni wọ́n forúkọ àmì onígun mẹ́jọ tí gbogbo ayé fi mọ MG sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní ọdún 1928, wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n pè ní Midget wá sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní gbọ̀ngàn Olympia ní London, £175 ni wọ́n dá lé e. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ olówó ló ń gun ọkọ̀ asáré. Midget ló jẹ́ kí akọ̀wé báńkì lè máa dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ra tirẹ̀.

Ọdún 1929 ni wọ́n kó lọ sí Abingdon, sí apá kan ilé-iṣẹ́ Pavlova tí wọ́n ti ń ṣe awọ tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òkìkí ti kàn. Tazio Nuvolari, ọmọ Ítálì tí kò sí awakọ̀ tó ju ú lọ láyé ìgbà náà, fi MG gba ipò kìíní nínú ìdíje Tourist Trophy ní Ulster ní ọdún 1933. Ní ọdún 1939, Goldie Gardner fi MG tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.1 lọ sá eré tó ju 200 máìlì ní wákàtí kan lọ ní òpópónà ńlá kan ní Jámánì. Kimber fúnra rẹ̀ kò jèrè òkìkí yìí pẹ́. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní ọdún 1941 nígbà ogun, ó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross ní oṣù kejì ọdún 1945.

Nígbà tí ogun parí, gbèsè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, irin sì wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń tajà sókè òkun ni ìjọba ń fún ní irin. MG TC, tí wọ́n ṣe nǹkan bí 10,000 rẹ̀ láàárín ọdún 1945 sí 1949, bá àkókò náà mu gẹ́lẹ́. Nǹkan bí 2,000 ló lọ sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí gbogbo wọn wà, nígbà tí ọwọ́ òsì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Wọ́n rà á bẹ́ẹ̀. Phil Hill, tó di aborí ayé nínú ìdíje Formula One ní ọdún 1961, wà lára àwọn tó fi TC kọ́ eré ìje. TD àti TF tẹ̀ lé e, MGA sì dé ní ọdún 1955. MGA ni ọkọ̀ MG àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ kọjá 100,000. Títí di orí rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ asáré MG kò yí padà púpọ̀: ṣásì irin líle wà nísàlẹ̀ bíi igi àjà, wọn á sì gbé bọ́dì lé e.

MGB kò ní irú ṣásì bẹ́ẹ̀. Syd Enever ni olórí àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ tó ṣe é, Don Hayter ló ya ìrísí rẹ̀, John Thornley sì ni ọ̀gá àgbà tó dúró tì wọ́n. Wọ́n jó gbogbo bébà irin rẹ̀ pọ̀ di odidi kan, débi pé bọ́dì fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù tí ṣásì ń rù. Èyí jẹ́ kí ọkọ̀ náà le, kí ó fúyẹ́, kí àyè inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti MGA lọ, bó tilẹ̀ kúrú jù ú. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tó ní kábúrétọ̀ SU méjì ló ń gbé e lọ, ó sì lè sá ju 100 máìlì ní wákàtí kan. Ní ọdún 1965 ni èyí tó ní òrùlé, tí wọ́n pè ní GT, dé. Ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì ló bá wọn ya òrùlé náà, kò sì sí ẹni tó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò ní gbà pé wọ́n mọṣẹ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tò ó, torí ibẹ̀ ni iyì ọkọ̀ tí ọwọ́ atúnṣe kò kàn ti wá. Wọn kì í rọ irin ní Abingdon. Irin bọ́dì ọkọ̀ aláìlórùlé ń ti Swindon wá, ibòmíràn ni wọ́n ti ń fín in lọ́dà, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbé e wá sí Abingdon. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ lọ lórí ìlà níbẹ̀ bí ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ tì í láti ibi iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹni kan á de wáyà, ẹlòmíràn á di bọ́ọ̀tì, aṣàyẹ̀wò á fi ọ̀dà sàmì sí i láti fi hàn pé òun ti wò ó. Ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ń wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì: ibi tí gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù, ibi tí ọ̀dà ti ṣàn wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti tẹ irin wọlé díẹ̀ kí nǹkan lè bá a mu. Kò sí ìwé tó kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ tán. Ara ọkọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọgbọ́n tó sọ MGB di alágbára ló tún fún un ní àìsàn rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò ní ṣásì, tí kò sì ní òrùlé, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì ló di iwájú àti ẹ̀yìn mú. Irin náà ní ihò nínú, ó pín sí ìpele ìpele. Táyà iwájú ń ta omi àti ẹrẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ náà ń kó sí ẹ̀yìn irin tó bo táyà, ó sì ń jókòó síbẹ̀ ní tútù. Ní ìgbà òtútù, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yìí ń wọ inú irin náà, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú lọ síta, níbi tí ojú kò tó. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa wú lóde, inú ti jẹ tán. Bí ó bá jẹ jìnnà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín, àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká á fún mọ́ra lókè, ilẹ̀kùn kò sì ní padé dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá péré, ọ̀pọ̀ MGB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dé ipò yìí, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì jẹ́ nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ló ń rà wọ́n. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí ọkọ̀ yege nínú àyẹ̀wò MOT ọdọọdún lọ, nítorí náà wẹ́dà á jó irin tuntun lé irin tó ti jẹrà, wọ́n á fi bọ́dì fílà dí ihò, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó yẹ ká dá lẹ́bi. Wọ́n fẹ́ gun ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni, ìtàn kò sí lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojúlówó ṣe parẹ́.

Abingdon fúnra rẹ̀ wá ń lọ sí òpin. Ní ọdún 1968, MG bọ́ sábẹ́ British Leyland, ilé-iṣẹ́ ràgàjì kan náà tí orúkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn, níbi tí Leyland ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀. Triumph, tí MG ti ń bá figagbága tipẹ́, ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà, òun ni wọ́n sì ń náwó lé. MGB kò rí arọ́pò. Nígbà tí òfin ààbò Amẹ́ríkà le sí i, wọ́n yọ bọ́ńpà irin dídán rẹ̀ ní ọdún 1974, wọ́n fi rọ́bà dúdú ńlá rọ́pò, wọ́n sì gbé ìdúró rẹ̀ ga sí i. Òfin èéfín mú kí èyí tó ń lọ sí Amẹ́ríkà pàdánù ọ̀kan nínú kábúrétọ̀ méjèèjì, agbára rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, British Leyland kéde pé òun yóò ti Abingdon. Pọ́n-ùn ti lágbára sí dọ́là nígbà náà, wọ́n sì ní àdánù ni gbogbo èyí tí àwọn ń tà ní Amẹ́ríkà. Àwọn olówó ọkọ̀ MG yíde káàkiri London láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn olówó kan tí Alan Curtis ti Aston Martin ṣáájú fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ náà, kò bọ́ sí i. Wọ́n ṣe 1,000 tó gbẹ̀yìn ní àkànṣe fún ọjà ilé, àwọn kan sì rà á lọ tì mọ́lé láìgùn ún. Oṣù kẹwàá ọdún 1980 ni ilẹ̀kùn Abingdon tì.

Ikú ilé-iṣẹ́ ló jí ìfẹ́ àwọn ènìyàn. Láti ìgbà náà ni títún ọkọ̀ ṣe látòkèdélẹ̀ ti di òwò gidi. Ní ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage kó àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ irin MGB jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odidi bọ́dì tuntun ní Faringdon. Ẹni tí MGB rẹ̀ ti jẹrà lè ra bọ́dì tuntun, kí ó tú ẹ́ńjìnnì, jíà, táyà àti ìjókòó láti ara ti àtijọ́, kí ó tò wọ́n sí tuntun. Iṣẹ́ rere ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ ikú. Àṣejù ló wá tẹ̀ lé e. Níbi ìdíje ẹwà ọkọ̀, èyí tó bá dán jù lọ ló ń gba ife ẹ̀yẹ, nítorí náà àwọn olówó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dà tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ń ju awọ tó ṣì dára nù, wọ́n ń fín ọ̀dà tó nípọn tó sì jọ gíláàsì sí ara ọkọ̀ tí wọn kò fín bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde. Ọkọ̀ náà á dára ju bó ṣe jáde lọ, a ò sì ní rí ọwọ́ àwọn tó ṣe é mọ́ lára rẹ̀.

Ìbéèrè nípa ohun tó sọ ọkọ̀ di ojúlówó dé iwájú adájọ́ ní London ní ọdún 1990. Bentley Speed Six tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ìdíje Le Mans ní ọdún 1929 àti 1930, ni wọ́n fẹ́ tà ní £10 mílíọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ rà á fà sẹ́yìn, wọ́n ní kì í ṣe ọkọ̀ náà gan-an, torí wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń sáré ìje. Adájọ́ Otton gbà pé díẹ̀ ló kù nínú irin tó gba ìdíje náà, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn ọkọ̀ náà kò já rí, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn láyé tó lè jẹ́ orúkọ yẹn. Olùtajà ló jàre. Ìdájọ́ náà bọ́gbọ́n mu fún ọkọ̀ ìje, tí ìpààrọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń rà, tí ẹgbàágbèje irú rẹ̀ wà, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Ohun tó ya irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kò ju irin àti awọ tó kù lára rẹ̀ lọ.

Ojú àwọn ènìyàn wá ń là díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn tó ń ṣe ìdíje ẹwà ọkọ̀ ní Pebble Beach ní California ya ipò kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí wọn kò tún ṣe rí. Ní oṣù kejì ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Artcurial lu ọkọ̀ 59 ní gbàǹjo ní Paris. Roger Baillon, oníṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù, ló ti kó wọn jọ, wọ́n sì ti wà lábẹ́ eruku ní abà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ṣe bá wọn náà ni wọ́n gbé wọn wá, wọn kò tilẹ̀ nù wọ́n. Ferrari kan láàárín wọn gba ohun tó lé ní yúrò mílíọ̀nù 16. MGB kò sún mọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ láé, ṣùgbọ́n ọkàn kan náà ló ń darí ẹni tó ń rà á: ọkọ̀ kì í wà ní bó ṣe jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Alágbàtà tó ń ta tòkunbọ̀ ní Èkó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí "fáàsì bọ́dì" ni ó kọ́kọ́ ń fi yangàn kí ó tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Níbi MGB, àyẹ̀wò náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, nítorí ilé ìkó-ọkọ̀-ìṣẹ̀ǹbáyé British Motor Museum ní Gaydon ṣì ní àwọn ìwé Abingdon lọ́wọ́. Olówó ọkọ̀ lè sanwó kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n tò ó, irú àwọ̀ tó wọ̀ jáde, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí ìwé bá ní Iris Blue ni, tí ọkọ̀ tó wà níwájú ẹni sì pupa, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Lẹ́yìn ìwé ni ojú. Èyí tó bá jáde ṣáájú ìparí ọdún 1964 gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tí béárìnì mẹ́ta gbé ọ̀pá rẹ̀ ró, torí márùn-ún ni èyí tó tẹ̀ lé e ní. Èyí tó bá jáde ṣáájú ọdún 1965 gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ ilẹ̀kùn tí à ń fà, kì í ṣe èyí tí à ń tẹ̀. Bátìrì kékeré méjì, oní-fóltì mẹ́fà mẹ́fà, ló yẹ kó wà lẹ́yìn ìjókòó ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó jáde ṣáájú ìparí ọdún 1974. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á tún dọ̀bálẹ̀ wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn, á wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin bébà pọ̀ nílé-iṣẹ́, torí wẹ́dà ojú pópó kì í lè jó o bẹ́ẹ̀.

Eruku nìkan kò tó ẹ̀rí. Láti ìgbà tí owó ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, àwọn olùtajà kan ń fi eruku àti ewé gbígbẹ ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó lè jọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú jáde láti abà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí wọn kò tún ṣe ló yẹ kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí irin rẹ̀ ti jẹ tán kò ní ohun tí à ń pa mọ́ mọ́, àtúnṣe ló kù fún un. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ra MGB ojúlówó fi fẹ́ràn èyí tó ti California tàbí Arizona padà wá, níbi tí òjò kò pọ̀, tí iyọ̀ kò sì sí lójú títì. Oòrùn ibẹ̀ á ti jẹ awọ ìjókòó, á ti sán ike iwájú awakọ̀ ní pẹẹrẹpẹ, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ á ṣì le dáadáa.

Ẹni tó bá rà á ní láti fi sùúrù jí i. Ọkọ̀ tó ti jókòó fún ogún ọdún kò ṣeé ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ da òróró díẹ̀ sí inú sílíńdà, wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó gbà á láyè láti ṣíná. Epo tó ti bàjẹ́ nínú táǹkì gbọ́dọ̀ jáde. Táyà, páìpù rọ́bà àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ búréèkì ni wọ́n á pààrọ̀ láìjiyàn, torí ẹ̀mí ènìyàn ju ojúlówó lọ. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n tú jọ sínú àpótí, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹni tó bá tún rà á lọ́jọ́ iwájú lè rí i. Ọ̀dà, awọ àti kápẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn ju kí wọ́n nù ún lọ.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá ń fara mọ́ irú ìtọ́jú yìí. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún lè gba ipò ọkọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé, olówó rẹ̀ kò sì ní san owó orí ọkọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní láti ṣe àyẹ̀wò MOT mọ́, bí wọn kò bá ti yí i padà gidigidi láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì jẹ́ ojúṣe olówó rẹ̀ kí ó rí i pé ó yẹ fún ojú pópó. Gbogbo MGB tó ti Abingdon jáde ló ti kọjá ogójì ọdún báyìí.